Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Ra Páàtì: Títún Ọkọ̀ Tó Fi Imú Gbá Nǹkan Ṣe Nínú Ọgbà Ilé

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ rà. Mo gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Gate, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Ìbàdàn, mo ná an títí, mo sanwó, wọ́n so ó mọ́ orí bọ́ọ̀sì fún mi bí ẹran iléyá. Nígbà tí mo gbé e lé ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, apá ọ̀tún jókòó, apá òsì yọ síta tó ìka méjì. Mo ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Bàbá pánẹ́lì bítà kan tó ń kọjá lọ dúró wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ò lẹ́bi. Imú ọkọ̀ rẹ ló wọ́. Ṣé o wọ̀n ọ́n kó o tó lọ nájà?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀. Owó ọkọ̀ tó o san lọ Ìbàdàn ni kó o bẹ̀."

Ọkọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ rà láyé mi, Corolla 2003. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìkọlù náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí àwa àti tírélà ti jọ ń du ojú títì kan náà. Akẹ́rù kan tó kó ẹ̀gẹ́ rí kòtò níwájú, ó dúró gbagidi. Mo tẹ bíréèkì, kò tó. Igun òsì iwájú ọkọ̀ mi wọ abẹ́ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó farapa, airbag, ìyẹn báàgì afẹ́fẹ́ tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìkọlù, ò sì bẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe nínú ọgbà ilé ìyá mi, lọ́jọ́ Sátidé àti ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Bó bá jẹ́ lónìí ni, oṣù kan ààbọ̀ ló máa gbà mí, torí pé ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Kí ọwọ́ tó kan spánà

Ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ náà níbi tó dúró sí, yípo, pẹ̀lú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń kán sílẹ̀ á ti máa sọ ohun tó fọ́ fún yín kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi aláwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé tó ń rùn bí ohun dídùn, omi rédíétọ̀ ni. Bó bá pupa tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, epo gíà ni. Bí ẹ bá gbóòórùn bẹntiróòlù, ẹ má tan ọkọ̀ náà rárá.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ gbá, ẹ gbàwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ínṣọ́ránsì third party tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, tó kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti January 1, 2023, nǹkan onínǹkan ló wà fún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí rẹ̀. Kò ní ra bọ́nẹ́ẹ̀tì fún yín. Mo mọ ẹni tó jókòó de owó yẹn fún oṣù méjì.

Ọkọ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ ọgbà ilé

Ìfẹ́ ọkọ̀ àkọ́rà máa ń fọ́ ojú ẹni, nítorí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ọkàn yín tó wọ inú iṣẹ́ náà.

Bí airbag bá ti bẹ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Kì í ṣe báàgì nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Ó kan kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ iwájú, àti bẹ́líìtì ìjókòó tó fa ara rẹ̀ pọ̀ lásìkò ìkọlù. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n rán awọ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, tí wọ́n wá yọ gílóòbù iná airbag kúrò kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà fura. Ìwà ìkà gbáà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ pa wọ́n dé. Bí ilẹ̀kùn iwájú bá ń ha ara, tàbí tí àlàfo rẹ̀ lókè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, agbára ìkọlù náà ti kọjá imú, ó ti dé òpó. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Bí páànù ilẹ̀ bá hunjọ bí aṣọ tí wọ́n fún, ẹ dúró níbẹ̀. Òrùlé tó tẹ̀ sínú náà kò yàtọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ fà, kò sì sẹ́ni tó ní in lẹ́yìnkùlé. Tèmi kò kọjá ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú wà, ìyẹn ló jẹ́ kí n láyà.

Bátìrì, jáàkì àti ilẹ̀ pupa

Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà dúdú, ìyẹn nẹ́gẹ́tífù, kúrò lórí bátìrì. Iná ṣì máa ń kù sára ẹ̀rọ airbag lẹ́yìn tí ẹ bá tú u, ìdí nìyẹn tí Toyota fi ní kí èèyàn dúró ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nítòsí rẹ̀. Èmi máa ń lọ mu gààrí kí n tó padà wá. Wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ní àwọ̀ òféèfèé ti airbag ni, ẹ má fi iná bátìrì dán an wò láéláé.

Ilẹ̀ wa pupa, ó sì máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò. Jáàkì tó dúró ṣinṣin láàárọ̀ lè ti rì tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi pákó fífẹ̀ tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, ìdúró irin ló wà fún gbígbé e dúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò yẹ níbẹ̀ rárá, ó máa ń là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tayà tí ẹ bá yọ, ẹ tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bí ohun gbogbo bá yẹ̀, orí tayà ni ọkọ̀ máa bọ́ lé.

Títú u

Ìwọ̀n 10 ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì iwájú Corolla, nítorí náà ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 méjì, torí ọ̀kan á sọnù. Nylon pure water ni mo fi ṣe àpótí: bọ́ọ̀tì bọ́ńpà sínú ọ̀kan, ti fẹ́ńdà sínú òmíràn, mo kọ orúkọ sí i pẹ̀lú bírò alámì, mo sì ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà ti bọ́ kí n tó fà á yọ. Kílíìpù oníke ti ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí á ṣẹ́, ẹ má bá a jà.

Tí ẹ bá ń tú omi rédíétọ̀ sílẹ̀, ẹ gbà á sínú báàfù kí ẹ sì bò ó. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́ àti ajá á lá a, ẹ̀yin ni aládùúgbò á sì wá bá. Tí páìpù gáàsì éà-kọ̀ndíṣọ̀nà kò bá tíì já, ẹ má tú u fúnra yín. Gáàsì yẹn ń jó awọ bí ìgbà tí yìnyín dì mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ fà á jáde.

Okùn

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí. Ojú máa ń tan èèyàn lórí irin. Imú tó fi ìwọ̀n ìka kan wọ́ lè dà bíi pé ó tọ́ lójú, pàápàá tí ẹ bá ti ń wò ó láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ohun tí ẹ nílò ni téèpù ìwọnlẹ̀ onírin, okùn tí kì í fà, ẹfun, àti nọ́ọ̀tì wúwo kan. Ara ọkọ̀ lápá òsì àti ọ̀tún jọra, ihò tó wà níbí wà lọ́hùn-ún. Ẹ mú bọ́ọ̀tì kan lórí ṣọ́ọ̀kì òsì, kí ẹ wọ̀n ọ́n dé ihò igun ọ̀tún irin tó gbé rédíétọ̀ dúró. Ẹ wá ti orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún wọ̀n ọ́n dé igun òsì. Ìlà méjèèjì á kọjá lórí ara wọn. Bí wọ́n bá dọ́gba, tàbí tí ìyàtọ̀ wọn kò ju mìlímítà 3 lọ, imú yín tọ́. Tèmi fi mìlímítà 14 yàtọ̀. Ìyẹn ló fa ìka méjì tó yọ lára bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní Gate.

Lẹ́yìn ti òkè, ẹ wọn ti ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Ibi tí ìyá mi máa ń sá èlùbọ́ sí ni mo lò, wọn ò sì tíì dárí jì mí tán. Ẹ so nọ́ọ̀tì mọ́ okùn bí bíríkìlà ti ń ṣe, ẹ dá a sílẹ̀ láti ihò kan lára ọ̀pá irin gígùn tó gbé ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ẹfun sàmì síbi tó bá tọ́ka sí. Ẹ ṣe é ní ihò mẹ́rin: méjì níwájú, méjì lẹ́yìn nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ ti ọkọ̀ kúrò, kí ẹ wọn àwọn àmì ẹfun náà láti igun sí igun, kí ìlà méjèèjì kọjá lórí ara wọn bíi ti òkè. Àwòrán ṣáàsí yín wà nílẹ̀ yẹn, ó ń wò yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́ sítiàríńgì sójú kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, lápá méjèèjì. Mìlímítà 2,600 ni ti Corolla yìí. Ọ̀tún mi pé, òsì fi 9 dín. Apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lower arm, ló ti tẹ̀. Òun ni mo pààrọ̀, ìwọ̀n náà sì padà sí bó ṣe yẹ. Ká ní mo sáré lọ ṣe alignment, ìyẹn títọ́ ojú táyà, owó alignment ì bá ṣègbé, táyà tuntun ì bá sì tún jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà yìí sínú ìwé, kì í ṣe sórí fóònù nìkan. Ẹ máa padà síbẹ̀.

Fífà

Aládùúgbò wa kan ní kí n fi ṣéènì so imú ọkọ̀ mọ́ igi máńgòrò, kí n wá fi rìfáàsì fà á. Gbogbo àdúgbò ló ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é rí. Ẹ má dán an wò. Ṣéènì tó bá já nígbà tó le koko á fò bí ọta ìbọn, kò sì ní yan ẹni tó máa bà. Yàtọ̀ sí èyí, igi máńgòrò ò mọ mìlímítà. Ọkọ̀ tó yẹ kó padà ní 14 á padà ní 40.

Òfin kan wà tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Bàbá: irin tó kàn tẹ̀, ẹ nà án, irin tó ká, tó ní ojú ìṣẹ́ mímú bíi ti páálí tí wọ́n ṣẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí wà fún un. Wọ́n ṣe ọ̀pá irin méjèèjì iwájú pẹ̀lú ibi tí yóò ti máa hunjọ díẹ̀díẹ̀ nígbà ìkọlù, kí agbára náà lè tán sára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀pá tó ti ká lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wá fi iná gáàsì sọ ọ́ di pupa kí wọ́n tó lù ú tọ́, ó ti rọ̀. Lójú, ó dára. Lọ́jọ́ ìkọlù kejì, kò ní ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tèmi tẹ̀ ni, kò ká. Síbẹ̀ mi ò fà á fúnra mi. Mo fi ọkọ̀ míì wọ́ Corolla lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá, níbi tí wọ́n ti ní irin tí wọ́n fi ń de ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀sán kan ni wọ́n fi fà á. Kí n tó sanwó, mo yọ okùn mi àti ìwé mi, mo wọ̀n ọ́n. Mìlímítà 6 ló kù. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀." Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ alákọrí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún fà á. Ó di 2. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun nìkan ni mo san owó iṣẹ́ lé lórí yàtọ̀ sí alignment, mi ò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ lọ nájà

Imú Corolla Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Iná iwájú, bọ́ńpà àti gíríìlì 2003 sí 2004 ti Amẹ́ríkà pàápàá yàtọ̀ sí ti 2005 sókè. Ẹ mú fọ́tò ti yín lọ, ẹ má sọ pé "Corolla" lásán. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ Tòkunbọ̀, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, fílà, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú páànù, ni wọ́n fi bo ibẹ̀. Ẹ yí i dojúdé, ẹ wo egungun inú rẹ̀ bóyá wọ́n ti jó o pọ̀. Ti iná iwájú, etí ike tí bọ́ọ̀tì ń wọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, òun ló máa ń kán jù. Rédíétọ̀ tuntun ni mo dámọ̀ràn. Ti Tòkunbọ̀ máa ń jò ní ibi tí ike ti pàdé irin, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé agbedeméjì ọ̀nà.

Ẹ tò ó kí ẹ tó kùn ún

Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé ọkọ̀ láìtíì kun ohunkóhun. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ tò ó mọ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Fẹ́ńdà á tẹ̀lé e, kí ẹ tò ó mọ́ ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iná tẹ̀lé e, bọ́ńpà kẹ́yìn. Ẹ má tíì fún bọ́ọ̀tì kankan pa. Mo ṣẹ́ páálí kan tó nípọn mìlímítà 4, mo ń fi í wọn àlàfo lọ yípo. Bí ẹ bá kùn kí ẹ tó tò, ẹ máa fi spánà ha ọ̀dà tuntun. Mo ha tèmi.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ. Ìkọ́ méjì ló ní. Ẹ tú ti àkọ́kọ́ láti inú ọkọ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè: ìkọ́ kejì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí lórí eré á bo gbogbo gíláàsì, tírélà á sì wà lẹ́yìn yín.

Fílà kì í ṣe fìlà

Fìlà lè bo orí pípá. Fílà kò yẹ kó bo kòtò. Ẹ fi òòlù àti irin dọ́lì lu páànù títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, dọ́lì lẹ́yìn, òòlù níwájú, ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀. Fílà tó bá ju mìlímítà 3 lọ á là bópẹ́bóyá. Hádẹ́nà tí ẹ máa pò mọ́ ọn kò ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Oòrùn wa sì ń mú un gan kíákíá, nítorí náà ẹ máa po díẹ̀ díẹ̀. Sáńpépà 80 ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ, 180 tẹ̀lé e. Ẹ fín páíámà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ẹ wá fi 400 àti omi ra á. Ẹ dijú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ọwọ́ á rí ohun tí ojú ò rí.

Ọ̀dà

Nọ́ńbà ọ̀dà yín wà lára páálí kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀, lẹ́yìn lẹ́tà C/TR. Tèmi jẹ́ 040, funfun, ó sì rọrùn ju sílífà lọ fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ sílífà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ bá yín fín in, torí ibi tí tuntun ti pàdé ti àtijọ́ á hàn gedegbe.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Eruku rẹ̀ jókòó sórí bọ́ńpà tí mo kọ́kọ́ fín bí iyanrìn, kòkòrò kan sì rì sínú rẹ̀ tó ń fapá ju fìrìfìrì. Mo ra gbogbo rẹ̀ kúrò. Nígbà kejì, mo wọ́n omi sílẹ̀ yípo, mo ta nylon sókè bí àgọ́, aago méje àárọ̀ ni mo fín in, kí atẹ́gùn tó dìde. Nígbà òjò, ìṣòro míì ni: bí ojú ọjọ́ bá tutù pẹ̀lú ọ̀rinrin, kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán tí wọ́n ń fín kẹ́yìn, á funfun bí èéfín. Ẹ dúró de oòrùn. Bí NEPA ò bá fojú hàn, ẹ ya jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé kọmpurẹ́sọ̀, kí ó má baà kú sí ìdajì páànù.

Ẹ ra ìbomú oníkátíríjì fún kílíà. Hádẹ́nà rẹ̀ ní isocyanate, èyí tó lè dá ikọ́ fée sí èèyàn lára, tí kò sì ní lọ mọ́. Áńkáṣíìfù tí wọ́n dì mọ́nu kò dí i lọ́nà. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ìpadàbọ̀ sójú títì

Ẹ da omi rédíétọ̀ àti distilled water pọ̀ dọ́gba dọ́gba. Ẹ tan ọkọ̀ pẹ̀lú ìdérí rédíétọ̀ ní ṣíṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ tan hítà, ẹ máa fi kún un bó ṣe ń mí síta, títí fáànù á fi dá ara rẹ̀ tàn. Ẹ wò bóyá fáànù kò ha nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lọ fún alignment. Nọ́ọ̀tì táyà, 103 Nm lórí torque wrench, spánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi yí nọ́ọ̀tì. Fọ́kánáísà tó ń gun spánà lórí kì í wọ̀n ọ́n, nítorí náà ẹ yá torque wrench.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ gbé ọkọ̀ dojú kọ ògiri, kó jìnnà tó mítà 7 ààbọ̀. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ní ìwọ̀n gíga àárín iná iwájú yín. Orí ìmọ́lẹ̀ kékeré gbọ́dọ̀ jókòó bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí abẹ́ ìlà náà, lọ́tùn-ún àti lósì. Tèmi ń wo òrùlé ilé kejì, àwọn ará ilé náà ti rò pé ẹnì kan ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wà á láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ojú títì ṣófo, ẹ má kọjá 40. Ẹ fi ọwọ́ fúyẹ́ di sítiàríńgì mú, ẹ gbọ́ bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tẹ bíréèkì wò lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Èmi lọ sí Ọ̀yọ́, mo sì padà. Ó tó bí 100 kìlómítà lálọbọ̀. Nígbà tí mo délé, mo tún fi torque wrench kan nọ́ọ̀tì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan ní iwájú òsì yí díẹ̀ kó tó ró kàn.